Koríko Kò Mọ Ìyálé

Òórùn koríko ìmí-eṣú ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Bí ọkọ́ bá bà á, tàbí tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ nínú ìrì àárọ̀, òórùn rẹ̀ á gbalẹ̀, á wọ imú, á sì lọ jókòó sí ọ̀fun. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá títì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gé koríko, tí òórùn yẹn bá fẹ́ sí mi, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀ mọ́. Á máa ṣe mí bíi pé mo ti pẹ́ dé ibì kan, bíi pé nǹkan mi kan ń bàjẹ́ níbi tí mi ò sí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé màmá àwọn ti tún fẹ́ sáré. Wọn ò mọ̀ pé oko kan ló wà lẹ́yìn ìlú Ìrókò, lójú ọ̀nà tó lọ sí odò, tí ọkàn mi ò tíì kúrò nínú rẹ̀ láti ọdún yẹn.

Ìwọ náà mọ̀ pé mi kì í ṣe ọmọ oko. Ẹgbẹ́dá ni wọ́n bí mi sí, ọjà ni ìyá mi ń ná, ìjọ aládùúrà là ń lọ, ohun tí mo sì mọ̀ nípa ọkọ́ kò ju èyí tí a fi ń tún ẹ̀yìnkùlé ṣe lọ. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi, tó jẹ́ bíríkìlà, yàrá kan la gbà sí Ajíbọ́dè, lẹ́bàá yunifásítì. Obìnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà sóyà: bí a ṣe ń rẹ ẹ́, bí a ṣe ń bó o, bí a ṣe ń sè é títí òórùn ẹ̀wà tútù á fi kúrò lára rẹ̀. Mo ń dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń rà á wìtìwìtì. Ayé ń lọ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ títí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀. A rò pé kò ní í pẹ́. Wọ́n ti ọgbà pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ẹrù wọn lọ sílé, Ajíbọ́dè dá páropáro, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, kò sẹ́ni tó ń ra wàrà. Onílé wa nìkan ni kò daṣẹ́ sílẹ̀. Bí a ṣe kó ẹrù tiwa náà nìyẹn, ó di Ìrókò, ilé bàbá ọkọ mi.

Ilé tó dáa ni, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ohùn bàbá ọkọ mi kì í sì í ròkè àfi tí wọ́n bá ń pe ìrun. Ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Ọkọ mi ń jáde láàárọ̀ lọ wá iṣẹ́ bíríkìlà ní Mòníyà, èmi ní tèmi ń gbá ìdọ̀tí tí mi ò dà sílẹ̀, mo ń pọn omi tí mi ò ní í mu, mo ń dá iná tí ọbẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Mo ti jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kì í lélẹ̀ láti kékeré. Ìyá mi máa ń sọ pé mo lè ṣí ìkòkò iṣu títí omi rẹ̀ á fi gbàgbé pé òun fẹ́ hó. Lójoojúmọ́ ni mò ń bi àwọn tó bá ti Ìbàdàn dé bóyá wọ́n ti ṣí yunifásítì. Ohun tí mo wá rò ni pé, bí mo bá ní sóyà tèmi, tí mo gbìn fúnra mi, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọgbà ni màá kó o, tí màá padà sí yàrá mi àti sídìí iṣẹ́ mi, láìtọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ni mo bá lọ kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ mi lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo ní kí wọ́n bùn mí ní ilẹ̀ díẹ̀.

“Kí lo fẹ́ gbìn sí i?”

“Sóyà ni, Bàbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀wà àwọn dókítà.” Wọ́n wá ń yí tẹ̀súbáà wọn lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ilẹ̀ ọ̀nà odò yẹn ti sinmi. Ẹ̀gẹ́ ni mo ní lọ́kàn fún un lọ́dún yìí. Gbà á ná. Ṣùgbọ́n bí koríko bá bò ó mọ́ ọ lọ́wọ́, mi ò ní í máa wò ó níran o. Màá ti ẹ̀gẹ́ mi bọ̀ ọ́.”

Mo dúpẹ́ títí orúnkún mi fi ń ro mí. Kò sí ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n lè fún mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo rí tó lọ sí Ajíbọ́dè.

Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ wàrà kí n tó gbìn ín, torí abúlé tí wọ́n ti ń gbin sóyà lòun ti wá. Ó ní kí n na okùn kí ìlà rẹ̀ lè gún, kí n sì gbìn ín súnmọ́ra. “Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wàhálà rẹ̀,” bó ṣe sọ fún mi nìyẹn. “Ṣáà má jẹ́ kí koríko borí rẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó pàdé. Bí ewé bá ti pàdé ewé, ilẹ̀ á ṣókùnkùn lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa pa koríko, wàá sì lọ sùn.” Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di okùn kànga mú. Ọkọ mi bá mi ṣán ilẹ̀ náà, ó bá mi kọ ọ́, mo na okùn, mo gbìn ín, òjò rọ̀ sí i, ó sì hù. Ewé rẹ̀ kéékèèké jáde pẹ̀lú irun wẹ́wẹ́ lára, ó rí múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bíi wèrè. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn mìíràn ti hù. Eéran ti hù, gbégi ti hù, ìmí-eṣú, èèmọ́, gòdògbó, àti ọ̀kan báyìí tí oje rẹ̀ funfun bíi wàrà tí mò ń tà. Ilẹ̀ tó ti sinmi dáadáa kì í sinmi fún sóyà nìkan.

Ọwọ́ obìnrin kan ò lè ká ilẹ̀ yẹn, pàápàá èmi tí mo pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àáró wà. Ìwọ tí o dàgbà sí ìgboro lè má mọ bí ó ṣe máa ń rí. Àwa ìyàwó ilé la jọ ń ṣe é: lónìí a ó jọ ro oko tìrẹ, tó bá tún di ọjọ́ mìíràn a ó jọ ro tèmi, ẹni tó loko á se oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ tán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ṣe wọlé ọkọ la ṣe ń tò ó. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n á kọ́kọ́ ro oko rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó tẹ̀ lé e, títí á fi kan ẹni tó dé kẹ́yìn. Èmi ni mo dé kẹ́yìn. Wọn ò bi mí pé kí ni mo gbìn. Ìyálé àgbà, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nínú wa, pe orúkọ wa lágbàlá, ó kàn mí nígbẹ̀yìn, mo sì dáhùn bí ọmọ tó gbọ́ràn.

Ẹni tó ṣáájú mi nínú ètò náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyálé kékeré ni mo máa ń pè é lọ́kàn mi. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ìgbà tí èmi ń ṣe girama ni yóò máa ṣe aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wọlé ọkọ kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ìyálé mi ni, kò sí àwíjàre. Èmi ń sọ “ẹ” fún un, òun ń pè mí ní “Ìyàwó.” Bí mo bá kí i láàárọ̀ tí orúnkún mi ò bá kanlẹ̀, á wo orúnkún náà kó tó dá mi lóhùn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń rìn wéréwéré, ẹnu rẹ̀ mú bí àdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ọ̀rẹ́ mi ló padà dà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àáró bẹ̀rẹ̀, ó di oko ìyálé àgbà. Àgbàdo wọn ti ga jù wá lọ, ó ti yọ irun, kò sí nǹkan tí koríko tún lè fi í ṣe, síbẹ̀ a ro ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, a tún padà lọ parí rẹ̀. Mò ń ro oko wọn, ọkàn mi ń bẹ ní oko mi. Bí mo bá fi ọkọ́ fa èèmọ́ kan tu, màá rántí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́nà odò tí wọ́n ń ga sí i, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá ní ká jókòó jẹun, oúnjẹ náà á dúró sí mi láyà. Mò ń roko bí ẹni tí wọ́n ń lé. “Ìyàwó, rọra,” ìyálé àgbà á ní, “iṣẹ́ là ń ṣe, a ò jagun.” Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì rín ẹ̀rín tí kò dé inú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo máa ń sáré dé ọ̀nà odò, kí n tu díẹ̀ kí àwọn yòókù tó jáde. Bí mo ṣe ń tu ìhà kan ni ìhà kejì ń bò ó. Gòdògbó ló burú jù. Bí o bá gé e tí o fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, gbogbo oríkèé rẹ̀ ló máa tún hu gbòǹgbò, wàá kàn ti bá a gbin ọmọ ni. Mo máa ń kó o jáde lọ́wọ́, màá gbé e kọ́ sórí kùkùté bí ẹni sá aṣọ, kí oòrùn lè pa á. Oòrùn ọ̀hún kò sì wọ́pọ̀ nígbà òjò yẹn.

Nígbà tí mo rí i pé sóyà mi ti ń nà gbọọrọ, tó ń wá ìmọ́lẹ̀ láàárín eéran, ara mi ò gbà á mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí a ṣe ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí kálukú ru igi ìdáná rẹ̀, mo rìn bá ìyálé kékeré.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n gba ọjọ́ yín, kí ẹ̀yin gba tèmi. Ẹ̀gẹ́ lẹ gbìn, ẹ̀gẹ́ lè dúró díẹ̀. Sóyà ò lè dúró.”

Ó dúró lójú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ sọ igi orí rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀gẹ́ mi ló wá bá ọ pé òun lè dúró?”

“Ẹ má bínú, mo kàn ní...”

“Ìyàwó, bí a ṣe wọlé la ṣe ń tò. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀.” Ó sì ń bá tirẹ̀ lọ, wéréwéré.

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo rò ó lọ́kàn pé koríko kò mọ ìyálé, kò mọ ìyàwó, kò sì ní í dúró wò ó bóyá ó ti kàn mí. Àfi bíi pé òjò náà gbọ́ ìjà wa. Ọjọ́ tó yẹ ká ro oko ìyálé kékeré, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí ọjọ́ fi rọ̀. Kò sẹ́ni tí í roko nínú òjò, torí koríko tí o bá tu sínú ẹrẹ̀ kàn ń ṣí lọ sí ilé tuntun ni. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ Jímọ̀, wọn kì í ṣe àáró lọ́jọ́ Jímọ̀ nílé náà. Bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń sún lọ ni tèmi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sún. Mi ò lè jókòó. Màá dé ẹnu ọ̀nà, màá wo ojú ọ̀run, màá padà wọlé, màá tún jáde. Ọkọ mi ní àfi bíi pé èèrà wọ̀ mí láṣọ.

Ní àárọ̀ tí wọ́n wá dá fún oko ìyálé kékeré gan-an, mo kọ́kọ́ sáré dé oko mi bí ìṣe mi. Igi iṣin kan wà létí oko náà. Ẹnìkan ti di ọ̀pá ẹ̀gẹ́, ó fi tì í. Ọ̀pá tó ti gbó dáadáa, tí wọ́n gé lọ́gbọọgba, tí wọ́n fi okùn so ní ìdì kan, ó ṣetán fún gbíngbìn. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ kan. Bàbá ọkọ mi kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, ohun tí wọ́n ti sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n wá ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo wo oko náà, mo sì rí i bí wọ́n ṣe rí i: koríko ni, sóyà wà nínú rẹ̀.

Mo padà sílé, mo bá ìyálé àgbà níbi tí wọ́n ti ń wá ọkọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní mi ò ní í lè bá wọn lọ lónìí.

“Ara rẹ ò yá?”

“Ara mi yá, mà.”

Wọ́n wò mí títí. “Àáró kì í já o, Ìyàwó.”

“Mo mọ̀, mà.”

Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo mú ọkọ́ mi, mo gba ọ̀nà odò lọ. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lónìí. Láti òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi ọwọ́ tu èyí tó wà láàárín sóyà, mo ń fi ọkọ́ gba ojú ìlà, mo ń kó gòdògbó lọ sójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá ké, màá fún un lọ́mú lábẹ́ iṣin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì ọ̀pá ẹ̀gẹ́ yẹn, màá sì kọ ẹ̀yìn sí i kí n má baà rí i. Oje funfun yẹn gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, ó le bí ẹ̀kọ tó ta sára aṣọ. Bí mo bá gbójú sókè, tí mo rí ibi tí mo ti mọ́, inú mi á dùn. Bí mo bá wá wo ìsàlẹ̀, ìyẹn á gbà á padà.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyálé kékeré. Láti ojú ọ̀nà ló ti ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo.

“O dójú tì mí! O jẹ́ kí wọ́n máa wò mí lẹ́nu! Wọ́n ní bóyá èmi ló lé ọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá yín?”

Mi ò dìde. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ìbẹ̀rù. “Ẹ wo igi iṣin yẹn, ìyálé mi,” ni gbogbo ohun tí mo lè sọ.

Ó wò ó, ó rí ọ̀pá ẹ̀gẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ṣì wà nínú rẹ̀. “Ẹ̀gúsí ni mo gbìn ní ọdún tí mo dé ilé yìí. O mọ ẹ̀gúsí, orí ilẹ̀ ló ń fà. Mo ń tẹ̀ lé wọn káàkiri, oko ẹni yìí, oko ẹni yẹn, mo ń retí kó kàn mí. Ìgbà tí wọ́n máa fi dé ọ̀dọ̀ mi, a ò rí ẹ̀gúsí. Koríko la ro lọ́jọ́ náà. Wọ́n sì jẹ oúnjẹ tí mo sè.”

“Ẹ ò sọ fún wọn?”

“Ta ni n bá sọ fún?” Ó bu mí wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Gbogbo ọdún tí mo ti wà níbí, èmi ni mo wà lẹ́yìn. Ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ìwọ wá ní kí n tún padà sẹ́yìn.”

Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì jinná lè jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ àjà náà. Ìyálé kékeré ká aṣọ rẹ̀ kọjá orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tu. Ó ń tu, ó ń bú mi lọ, pé mo lórí kunkun, pé wọn ò kọ́ mi nílé. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ ní ìlọ́po. Mo wò ó díẹ̀, mo figbe ta.

“Ẹ yé! Sóyà lẹ fà tu yẹn!”

Ó gbé e sókè, ó yí i wò. “Èwo ni sóyà nínú gbogbo onírun yìí?”

Ẹ̀rín pa mí. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ẹ̀rín wá já mọ́ òun náà lẹ́nu, a rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Mo fi ewé rẹ̀ hàn án, bó ṣe máa ń mú mẹ́ta jáde lórí ọ̀pá kan, bí irun rẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún fa ìkankan tu mọ́. A tu ú títí tí ojú ò fi ríran mọ́.

Má rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dùn. Àwọn ìyálé yòókù sọ pé àáró mi ti já, ó sì já lóòótọ́. Nígbà tí ó kàn mí, wọn ò wá. Ìyálé kékeré nìkan ló dé, ó ní kì í ṣe àáró lòun bá wá, òun kàn fẹ́ mọ irú ẹ̀wà tó ń mú kí ìyàwó máa kígbe mọ́ ìyálé rẹ̀. A ṣe ìwọ̀n tí a lè ṣe. Nígbà tó yá, bàbá ọkọ mi dé pẹ̀lú àdá wọn. Wọ́n rin òkè oko já, wọ́n rin ìsàlẹ̀ já, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ewé sóyà bí ẹni kan etí ọmọ. Òkè ti mọ́ rekete. Ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ti eéran.

“Ibi tí ọwọ́ rẹ ká yìí, tìrẹ ni,” wọ́n ní. “Ibi tó kù, mo ti sọ tèmi tẹ́lẹ̀.”

Lójú mi ni wọ́n ṣe tú ìdì ọ̀pá yẹn, tí wọ́n ṣán ìsàlẹ̀ oko náà tòun ti sóyà tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ wọn. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé, bẹ́ẹ̀ wọn ò rẹ́ mi jẹ. Ṣùgbọ́n ní òkè, láìpẹ́ sígbà náà, mo dé oko ní àárọ̀ kan, mo rí i pé ewé ti pàdé ewé. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ là á. Abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, ilẹ̀ ibẹ̀ sì mọ́ láìsí koríko kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Sóyà tí mo kórè kò tó èyí tí mo lè gbé padà sí Ajíbọ́dè. Wọ́n ṣí yunifásítì, ẹlòmíràn ti gba yàrá wa, iṣẹ́ sì ti ń wá fún ọkọ mi ní Mòníyà. Mo ń ṣe wàrà ní Ìrókò, mo ń gbé e lọ tà ní Mòníyà. Bí mo ṣe bá àáró ọdún tó tẹ̀ lé e nílé nìyẹn. Àwọn ìyálé gba ẹ̀bẹ̀ mi, ìyálé kékeré ló ṣáájú mi lọ bẹ̀ wọ́n, a sì pé jọ sí àgbàlá láti to ètò. Àbígbẹ̀yìn ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó, ọmọbìnrin kan láti apá Lágelú. Ó ti gbin ata sí ilẹ̀ tí wọ́n fún un. Ojú rẹ̀ kò gbé ibì kan, ó ń wo ọ̀nà oko, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

Ìyálé àgbà ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe ìyálé kékeré, wọ́n pè mí, wọ́n wá pe ìyàwó tuntun lẹ́yìn mi. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi fún ọ. Ó dùn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ara mi ò tíì lélẹ̀ bí ó ṣe lélẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹnìkan wà lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé ata rẹ̀ ò lè dúró, mo mọ bí yóò ṣe máa sáré lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ṣì dùn mọ́ mi. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ìyálé kékeré kò wo ìyàwó tuntun. Èmi ló ń wò. Kò ṣẹ́ ojú sí mi. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́sí.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa òdodo láti ìgbà náà, lórí rédíò àti lórí pẹpẹ ìwàásù, ẹni tó wà níwájú pátápátá ni gbogbo wọn sì máa ń bá wí. Kò sẹ́ni tó bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn wí, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń nira fún jù láti sún. Ìyálé àgbà ti ń di gèlè wọn pọ̀ láti dìde. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

“Ẹ jẹ́ kí ìyàwó gba ọjọ́ mi.”

Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní àwọn ò gbọ́. Mo tún un sọ.